Kọ́mà nínú ìwé ìṣirò
Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń rìn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lásìkò ìṣirò, mo rí i pé ọmọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jámánì dé kọ 3,5 síbi tí àwọn yòókù ti kọ 3.5, ẹni tí ó jókòó tì í sì ń sọ fún un pé kò gbà á. 3,5 ni wọ́n ń kọ 3.5 ní Jámánì àti ní Faransé. Mo bi ọmọ náà bóyá yóò fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì.

Ó dákẹ́, mo sì dúró dè é. Ìwádìí Mary Budd Rowe, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ lẹ́yìn ìbéèrè, àti pé bí ó bá dúró tó 3, ìdáhùn àwọn ọmọ a máa gùn sí i. Ọmọ náà dìde, ó mú ẹfun, ó kọ méjèèjì sójú pátákó, ó sì fa ìlà sábẹ́ wọn. Inú mi dùn púpọ̀! Kò tíì jókòó tán tí ọmọ mìíràn fi nawọ́, tí ó ní ọ̀nà tí bàbá òun gbà ń pín nọ́ńbà kò jọ ti ìwé wa rárá.

Ní sáà tó ń bọ̀, màá kọ́kọ́ ní kí oníkálukú fi ọ̀nà tí ó ti mọ̀ hàn mí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà.