Púlì mọ́tò ẹ̀rọ ata nínú FreeCAD, ibi tí mo bá a dé

Sátidé, ìgbà tí iná dé

Púlì kékeré tó wà lẹ́nu mọ́tò ẹ̀rọ ata màmá mi ti jẹ. Bẹ́ẹ̀tì ń yọ̀ tí ata bá ti pọ̀ díẹ̀, òórùn rọ́bà á gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà á wá máa wo ara wọn. Màmá ní ká lọ ra òmíì ní Gate ká sì gbàgbé ẹ̀, òótọ́ sì ni, ó wà ńbẹ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá nǹkan gidi tí mo lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya páàtì lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe àwọn kúbù oníhò mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ́ni lórí YouTube yẹn. Púlì dáa fún un. Ó rọrùn lójú, àmọ́ ó láwọn ibì kan nínú ẹ̀ téèyàn ò lè fojú wọ̀n.

FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya páàtì, ni mo mú, torí ọ̀fẹ́ ni, orí láptọ̀ọ̀pù yín gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, kò bèèrè dátà rárá, iná nìkan ló ń bèèrè. Kì í ṣe ọmọ àná o, 2002 ló ti kọ́kọ́ jáde, lọ́wọ́ Jürgen Riegel àti Werner Mayer, àmọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n tó pe èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1.0. Ẹ fojú inú wo irú sùúrù yẹn. Táa bá ní kí wọ́n ṣe é níbí, 1.0 á ti jáde lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, 2.0 á tẹ̀lé e lọ́sẹ̀ kejì.

Kálípà kọ́kọ́, mouse lẹ́yìn

Mo tú púlì náà sílẹ̀, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo gbé e sábẹ́ iná. Ìsàlẹ̀ kòtò tí bẹ́ẹ̀tì ń gbà ń dán yinrin. Ẹni tó bá mọ̀ nípa bẹ́ẹ̀tì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀tì onígun bí èyí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló fi ń di púlì mú, ìdí ẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀ kòtò rárá. Tí ìsàlẹ̀ bá ń dán, á jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti fẹ̀ débi pé bẹ́ẹ̀tì ti rì wọlé lọ jókòó, ló bá di pé ó ń yọ̀ dípò kó máa fà.

Ibí ni mo ti rí i pé tí mo bá kàn fi kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn páàtì, wọn kòtò yẹn, tí mo yà á bí mo ṣe wọ̀n ọ́n, àwòrán púlì tuntun tó ti gbó ni mo máa gbé fún tọ́nà, ìyẹn ẹni tó máa fi ẹ̀rọ gé irin náà. Kálípà ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ òótọ́ nípa nǹkan tó ti jẹ ló máa sọ. Torí náà bẹ́ẹ̀tì àti ṣáàfù ni mo lọ bi, kí àwọn sọ irú púlì tí wọ́n ń fẹ́ fún mi.

A48 ni wọ́n kọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀tì. 48 yẹn ni gígùn ẹ̀ nínú, ní ínṣì. A yẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ̀ tó 13 mm, ó sì nípọn tó 8 mm. Kòtò tó bá A mu ti wà nílẹ̀ nínú ISO 4183, ìwé ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò: ní orí ìlà tí bẹ́ẹ̀tì ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní pitch, kòtò á fẹ̀ tó 11 mm, á ga sókè lórí ìlà yẹn ní 2.75, á sì jìn sísàlẹ̀ ní 8.7, ó kéré tán. Igun kòtò ló wá dùn mọ́ mi jù. Bẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 40 dígírì, ṣùgbọ́n púlì tí pitch ẹ̀ (ìyẹn bí púlì ṣe fẹ̀ tó láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì lórí ìlà yẹn) ò bá ju 118 mm lọ, 34 ni wọ́n máa ń gé e sí, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń gba 38. Ìdí ẹ̀ ni pé tí bẹ́ẹ̀tì bá tẹ̀ yí púlì kékeré ká, ẹ̀yìn ẹ̀ á nà, á tín-ínrín, inú ẹ̀ á fún pọ̀, á wú síta, igun ẹ̀ á wá dín kù. Bí púlì bá ṣe kéré tó ni bẹ́ẹ̀tì á ṣe tẹ̀ tó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí púlì láyé mi, mi ò ronú kan èyí rí.

Etí òde púlì kì í jẹ, bẹ́ẹ̀tì kì í kàn án, nítorí náà mo gbà á gbọ́: 95.5. Yọ 2.75 lápá méjèèjì, ó ku 90, òun ni pitch nìyẹn. Púlì ńlá tó wà lára ẹ̀rọ jẹ́ 180, mọ́tò ń yí 1440 ní ìṣẹ́jú kan, torí náà eyín ẹ̀rọ ń yí 720. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ yí i padà.

Mọ́tò họ́ọ̀sì méjì ni, ṣáàfù ẹ̀ 24 mm. Ṣáàfù tó bá wà láàárín 22 sí 30, kíì (irin kékeré tó ń di ṣáàfù àti púlì pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí) tó fẹ̀ ní 8 tó ga ní 7 ló ń lò, DIN 6885, ìwé ìwọ̀n àwọn ará Jámánì, ló sọ bẹ́ẹ̀, á wọ inú ṣáàfù ní 4 mm, a ó sì gé 3.3 fún un nínú púlì. Ẹ rántí 3.3 yìí.

Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì

Nínú FreeCAD: Part Design, Create Body, sketch (àwòrán ìlà) tuntun lórí XZ, ọ̀kan nínú ojú pẹpẹ mẹ́ta tó ti wà nílẹ̀ níbẹ̀. Èèyàn ò ní láti ya gbogbo púlì, ìdajì ojú gígé ẹ̀ péré lẹ máa yà, ẹ ó wá ní kó yí ká bí ìgbà tí amọ̀kòkò ń yí amọ̀.

Nǹkan tó yé mi lónìí, tí kò sì yé mi nínú gbogbo fídíò tí mo wò ni pé ẹ má ronú nípa nọ́ńbà níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fa ìlà bó ṣe wù yín, kó ṣáà jọ púlì, kó rí wọ́gọwọ̀gọ, kò sí wàhálà, ìgbà tẹ́ ẹ bá parí lẹ máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. Sketcher, ibi tí wọ́n ti ń ya ìlà nínú FreeCAD, á máa sọ iye ọ̀nà tí àwòrán ṣì lè gbà mira fún yín, DoF ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ fa ojú ìlà kan, gbogbo ẹ̀ á máa mì jẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ fún ìlà yìí pé kó dúró ṣánṣán, ẹ sọ fún tọ̀hún pé kó dọ́gba pẹ̀lú ìkejì ẹ̀, ẹ fún èyí ní 20 mm, nọ́ńbà yẹn á máa já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá ti di òdo gbogbo ìlà á di àwọ̀ ewé. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn, kí n má parọ́. Tí ìdè bá wá pọ̀ jù, á kígbe redundant, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tó kọ yẹn, á fi èyí tó kún hàn yín, ẹ yọ ọ́ dànù.

Fún kòtò, mo fa ìlà kan ní 45 mm sí àárín, ìyẹn ìdajì 90, mo sọ ọ́ di construction, ìyẹn ni pé ó wà níbẹ̀ fún ìwọ̀n lásán, kò ní di irin. Orí ìlà yẹn ni mo ti sọ fún un pé kòtò fẹ̀ ní 11. Mi ò sọ fún un bí ẹnu kòtò ṣe máa fẹ̀ tó rárá. Mo fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní dígírì 17, ìdajì 34, mo ní kí wọ́n bá ara wọn dọ́gba, ẹnu kòtò fúnra ẹ̀ wá bọ́ sí 12.68. Bẹ́ẹ̀tì 13, ẹnu 12.68, a jẹ́ pé á yọ etí díẹ̀ sókè, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ọrùn púlì, ibi tó máa gbá ṣáàfù mú, mo ṣe é ní 45 mm níta, ó gùn ní 40, ojú púlì fẹ̀ ní 20. Revolution, 360, ó jáde. Mo yí i káàkiri lórí screen bí ọmọdé, àbúrò mi ní kí ni mò ń rẹ́rìn-ín sí.

Láàárín ọ̀sẹ̀, iná ò fi bẹ́ẹ̀ dúró

Ojú kíì ló kàn. Mo ya onígun mẹ́rin kan lórí YZ, ó fẹ̀ ní 8, ó dọ́gba lápá ọ̀tún àti òsì, orí ẹ̀ jìn sí àárín ní 15.3, ìyẹn 12 ti ṣáàfù àti 3.3 ti mo ní kẹ́ ẹ rántí. Pocket, Through all, ó là á já. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kálípà yẹ̀ ẹ́ wò lára irin gan-an, ẹ wọ̀n láti ìsàlẹ̀ ihò títí dé òkè ojú kíì, 27.3 ló yẹ kó jẹ́. Nọ́ńbà tí àwọn tọ́nà fẹ́ rí lórí ìwé nìyẹn, kì í ṣe 3.3, torí kò síbi tí kálípà á ti dúró láti wọn 3.3.

Ẹ ṣàkíyèsí pé orí YZ ni mo fi sketch yẹn lé, mi ò fi lé ojú irin náà fúnra ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ lọwọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ. FreeCAD máa ń fún gbogbo ojú páàtì ní orúkọ, Face3, Face7 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá padà lọ tún nǹkan ṣe níbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà wọ̀nyẹn lè yí padà, nǹkan tó so mọ́ Face7 á wá lọ bá Face9 lálejò. Àwọn tó ń kọ ọ́ ti bá ìṣòro yìí jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, 1.0 yẹn ló sì tún púpọ̀ nínú ẹ̀ ṣe. Síbẹ̀ àwọn àgbà inú ẹ̀ ṣì ń sọ pé ìpìlẹ̀ tí kì í yẹ̀ ni kéèyàn so iṣẹ́ mọ́, mo sì gbà fún wọn.

Súkúrúù tó máa fún kíì mọ́lẹ̀: Hole, ISO metric, M8, ìyẹn súkúrúù 8 mm. Ihò 6.8 ni tọ́nà máa kọ́kọ́ lu, kó tó fi táàpù gé ẹsẹ̀ súkúrúù sí i. Mo gbé e sí 10 mm sí etí, ọ̀gangan orí kíì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kó gbogbo nọ́ńbà sínú Spreadsheet, mo sọ wọ́n lórúkọ, d_shaft, d_pitch, key_w, mo wá ní kí sketch máa lọ kà wọ́n níbẹ̀. Ìdajì igun kòtò náà, mo kọ fún un pé kó jẹ́ 19 tí pitch bá ju 118 lọ, kó jẹ́ 17 tí kò bá jù ú lọ:

=d_pitch > 118mm ? 19deg : 17deg

Mo yí pitch sí 125 láti dán an wò, kòtò fẹ̀ sí 38 fúnra ẹ̀, etí òde tẹ̀lé e, kò sí ìlà kankan tó já. Mo dá a padà sí 90. Ó yá mi lórí débi pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya púlì gbogbo ilé ẹ̀rọ ata àdúgbò.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà

Kí n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gé irin, mo ní kí n kọ́kọ́ fi páálí dán igun yẹn wò. TechDraw, ibi tí FreeCAD ti ń gbé àwòrán sórí ìwé, mo gbé ojú gígé kòtò sórí A4 ní 1:1, bó ṣe tóbi gan-an, mo lọ tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ pé Actual size o, torí tó bá fi Fit to page sílẹ̀ á dín in kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ya ìlà 50 mm kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé nítorí ìyẹn, mo gbé rúlà lé e níbẹ̀, ó pé 50, mo tó sanwó.

Nílé mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kọ́ńfíléèkì, mo gé ìrísí kòtò jáde pẹ̀lú réṣà, mo tì í bọ inú púlì àtijọ́, mo fi tọ́ọ̀ṣì tànmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọjá. Lókè níbi etí ó fara kàn díẹ̀, bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni àlàfo ń fẹ̀ sí i, ẹ̀gbẹ́ irin náà ti tẹ̀ wọnú bí ikùn ṣíbí. Mo pe màmá wá wò ó. Wọ́n ní, “Ṣé ibi tí owó mi ń gbà lọ nìyí?”

Tọ́nà

Mo fi PDF ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tọ́nà kan lórí WhatsApp. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sí i dáadáa, ihò 24 H7, ìyẹn láti 24.000 dé 24.021, kò gbọdọ̀ kéré sí i, kò gbọdọ̀ jù ú lọ. Wọ́n pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“Mo rí ìwé yín, ó mọ́, ẹ kú iṣẹ́. H7 lẹ kọ síbi ihò. Ṣáàfù yín ńkọ́, ṣé òun náà ti gbọ́ pé H7 lẹ fẹ́?”

Mo ní mo ti wọ̀n ọ́n, 23.97 ni kálípà kà.

“Kálípà ẹgbẹ̀rún mélòó kan yẹn? Ẹ gbé mọ́tò wá, màíkírómítà wà níbí.”

Wọ́n tún bi mí pé irin wo, mo ní cast iron, wọ́n ní ó wà. Wọ́n ní apá wo ni ọrùn púlì máa kọjú sí, mọ́tò ni àbí ìta, mo wo àwòrán, kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, torí páàtì nìkan ni mo yà, mi ò ya mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìta ni, kí ọwọ́ lè tó súkúrúù. Mo ti fi kún un báyìí.

Nítorí náà d_shaft ṣì wà ní 24 nínú Spreadsheet títí màíkírómítà á fi sọ̀rọ̀, ohun tó bá sọ ni mo máa tẹ̀ síbẹ̀, máa sì tún ìwé tẹ̀. Mo fẹ́ gbé mọ́tò lọ lọ́jọ́ Fúráìdé, màmá ní láéláé, ọjọ́ yẹn ni àwọn alásè ń gbé ata pátì wá. Ó di Mọ́ńdè.