Bí ẹni ń ka owó

Láti aago mẹ́wàá ni mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, oorun ò wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń pòòyì nínú orí mi, mo sì mọ̀ pé tí mi ò bá gbé e kalẹ̀ síbí, èmi àti ẹ̀ náà la jọ máa jí lọ́la.

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ọ, ní láíbìrì. Àwa mẹ́ta náà tẹ́ ẹ mọ̀, tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà, a tẹ́ tébù sílẹ̀, èyí tó ń sọ iye èèyàn tó ṣì wà láàyè ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, à ń fi ìka tọ ìlà. Àwọn méjì kan ń kọjá lọ, ọ̀kan bi èkejì pé kí làwọn yẹn ń kọ́, èkejì ní, "Actuarial science. Àwọn tó ń ka ikú bí ẹni ń ka owó nìyẹn." Ẹ̀kọ́ wa nìyẹn lóòótọ́, ìṣirò ewu àti ikú fún ìbánigbófò àti owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n bá tiwọn lọ. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ó máa yé mi pé yẹ̀yẹ́ ni, yẹ̀yẹ́ ti mọ́ wa lára. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe máa ń sọ pé àwọn yẹn ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn yẹn ń kọ́ lọ́yà, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ tipẹ́.

Ìyókù ọjọ́ òní ò ní ìtàn: kíláàsì aago mẹ́jọ, òjò, ìwé tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n dá padà (11 nínú 20, màá dé ibẹ̀), oorun ọ̀sán tí kò yẹ kí n sùn.

Ka ikú bí ẹni ń ka owó.

Èsì tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé irọ́ ni, àwọn alààyè là ń kà. Ẹ gbé tébù yẹn wò. Ìlà àkọ́kọ́, ọdún 0, 100,000 ọmọ tuntun jòjòló ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì kú nínú wọn. l la fi ń pè wọ́n, a ó kọ ọjọ́ orí sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ìyẹn iye àwọn tó ṣì wà. Òun ló ṣíwájú. Àwọn tó lọ láàárín ọdún, tí d dúró fún, ẹ̀yìn l ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Mo fẹ́ràn ètò yẹn láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ rí i, pé wọ́n kọ́kọ́ bèèrè àwọn tó wà kí wọ́n tó bèèrè àwọn tó lọ.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń ro ẹjọ́ yẹn bíi pé màá rí ẹni rò ó fún, ó sì ń dùn mọ́ mi nínú, àfi ìgbà tí mo ṣí iṣẹ́ àṣetiléwá mi tí mo rí i pé láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹrin, mi ò lo l ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. d ni ṣáá. Iye tó kú ní 60, iye tó kú ní 61, fi owó sọ ọ́ di púpọ̀, fà á padà láti ọjọ́ iwájú wá sí òní, ro ó pọ̀. Kí ni mo wá ń bá a jiyàn lé? A kà á, a fi owó lé e. Ohun tó sọ gan-an là ń ṣe.

Ó kàn jẹ́ pé ohùn yẹn...

Mi ò mọ̀.

Nígbà tí mo wọlé ẹ̀kọ́ yìí, tí Màmá rí ìwé mi lórí ìjókòó, ohun tí wọ́n sọ ni pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, pé ìwọ wá lọ ń ka ti gbogbo ayé. Wọn ò bínú o, ó kàn ṣe wọ́n bákan. Láti ọdún tó kọjá, wọn ò sọ ọ́ mọ́. Bí mo ṣe kà á dé ibì wo ni wọ́n ń bi mí báyìí.

Ẹnì kan wà tó máa ń wá sí mi lọ́kàn nírú ọjọ́ báyìí. Caspar Neumann, pásítọ̀ ni, ní ìlú Breslau tí wọ́n ń pè ní Wrocław lónìí, ní Poland. Òun ló ń kó iye àwọn tí wọ́n bí àti àwọn tí wọ́n sin nínú ìlú jọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí tí oníkálukú fi kú. Ti ọdún 1687 sí 1691 ló dé ọwọ́ Edmond Halley, ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ìràwọ̀ onírù yẹn, Halley sì fi ṣe tébù ní 1693. 1,000 ló fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1. Ní ọdún 2, 855 ló kù. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. 145, láàárín ìlà kan sí èkejì, ọmọ ọwọ́ ni gbogbo wọn. Kí nọ́ńbà yẹn tó di nọ́ńbà, ẹnì kan ti jókòó kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò gbà pé bí ẹni ń ka owó lẹni yẹn ṣe kọ ọ́.

Ní ìlà 21, 592 ló kù. Mo pé 21 lóṣù tó kọjá, ẹ bá mi yọ̀ dáadáa. Mo tẹjú mọ́ 592 yẹn títí iná fóònù mi fi kú.

Ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́ dé ìdí ẹ̀: owó ni Halley fi ṣe. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn ń ta annuity, ẹ máa kówó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa san díẹ̀díẹ̀ fún yín lọ́dọọdún títí ẹ̀mí yín, iye kan náà ni wọ́n sì ń tà á fún ọmọdé àti arúgbó. Halley ló fi tébù yẹn hàn pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí ọdún tó kù fún wọn ò lè dọ́gba. Nítorí náà, owó ti wà nínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọjá lẹ́yìn mi yẹn ò purọ́ mọ́ wa.

Owó kí ni, ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ dé. Ní Scotland, pásítọ̀ méjì (ẹ ò rí i pé pásítọ̀ ló kún inú ìtàn yìí), Robert Wallace àti Alexander Webster, wọ́n rí i pé bí pásítọ̀ kan bá ti kú, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ò ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n kọ̀wé káàkiri, wọ́n ń bèèrè pé opó mélòó ló wà, ọmọ aláìníbaba mélòó. Wọ́n wá gbé tébù Halley síwájú, wọ́n ṣírò iye pásítọ̀ tó máa kú lọ́dọọdún, iye tó máa fi ìyàwó sílẹ̀, iye tí àwọn tó ṣì wà láàyè gbọ́dọ̀ máa dá kí àpò náà má baà gbẹ. 1744 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka ikú bí ẹni ń ka owó, wọ́n kà á dáadáa, wọ́n kà á dé pẹ́nì, torí pé tí wọ́n bá ṣì í kà, opó kan níbì kan ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́ ò sanwó ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbí láti ọdún tó kọjá, ẹ mọ ibi tí mo ti kọ́ ìyẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́ pọ̀ nílé wa nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Kíláàsì àárọ̀ dùn ṣá. Gompertz là ń ṣe, iṣẹ́ tó kọ jáde ní 1825, ọkùnrin tí wọn ò lè gbà sí yunifásítì torí pé Júù ni, tó dá kọ́ ara ẹ̀ ní ìṣirò. Ó rí i pé téèyàn bá ti dàgbà, ọdọọdún ni ewu ikú ń fi ìlọ́po kan náà ga sí i. Olùkọ́ wa ya log ẹ̀ (ìṣirò tó ń sọ ìlọ́po di ìgbésẹ̀ ọgbọọgba) sójú pátákó, láti bí ọgbọ̀n ọdún lọ sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, ẹ̀ẹ̀kan náà. Pé nǹkan tó ń ṣe wá ṣìbáṣìbo báyìí, tó ń wọlé tì wá láìkan ìlẹ̀kùn, tí ẹ bá kó èèyàn tó pọ̀ tó jọ, ó máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nínú 100,000, màá sọ iye tó máa kú lọ́dún yìí fún yín, mi ò sì ní jìnnà sí i. Nínú ẹnì kan, mi ò mọ nǹkan kan. Àná mo sọ fún ara mi pé ìmọ̀ yẹn ń tù mí nínú. Lálẹ́ òní kò tù mí nínú rárá. Ìlà kan ṣì wà nínú tébù yẹn, tí ìka mi bá dé ibẹ̀, ó máa ń fò ó. Ẹ mọ ọjọ́ orí tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ̀sì ńkọ́. Ìbéèrè kẹta ló pa mí. Ẹni ọgọ́ta ọdún, owó 1 lọ́dọọdún títí ó fi máa kú, sísan bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lẹ́tà tó yẹ kí n kọ ni a tó ní àmì róbótó kékeré méjì lórí, ä, ìyẹn ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún la ó máa san án. Èmi kọ a lásán, ó di pé ìparí ọdún ni, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e sì wọ́ lọ pẹ̀lú ẹ̀. Èmi tí mo ń bá gbogbo èèyàn jà lórí àmì ohùn, tí mi ò lè rí kí wọ́n kọ igba láìmọ̀ bóyá igbá ni wọ́n ń sọ tàbí ìgbà! Ó dùn mí ju máàkì lọ. Ohun tó wà láàárín a àti ä ò ju owó ẹyọ kan lọ, owó àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń san lójú ẹsẹ̀. Òun nìkan ni kò gba p kankan (ìṣeéṣe pé ẹni náà á ṣì wà láàyè) nínú gbogbo fọ́múlà yẹn, torí ẹni náà jókòó síwájú yín, ó wà láàyè, ó ń na ọwọ́. Àwọn owó tó kù, a ní láti kọ́kọ́ bèèrè bóyá á ṣì wà níbẹ̀ láti gbà á.

Òun ni mo gbàgbé láti san fún un.

Ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì mí ní láíbìrì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn náà, mo rí i pé ọwọ́ wọn dúró lórí ìwé. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tá à ń palẹ̀ mọ́ ni wọ́n ní, "Àbúrò, má gbé e lọ sílé o." Mo ní rárá, mi ò ní gbé e lọ. Ẹ wá wò mí.

Bóyá tó bá tún kọjá lọ́la màá yíjú padà kí n wo ojú ẹ̀, torí mi ò tiẹ̀ mọ bó ṣe rí, ohùn nìkan ni mo mọ̀. Bóyá màá sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, à ń kà á. Bóyá mi ò ní sọ nǹkan kan.

Mo ti tan iná. Ìbéèrè kẹta ni mò ń tún ṣe yìí, pẹ̀lú àmì méjèèjì lórí ẹ̀, mo fi bírò tẹ̀ wọ́n débi tó fi hàn lẹ́yìn ìwé. Ìdáhùn ti jáde. Ẹyọ 1 géérégé ló fi ju tọjọ́ yẹn lọ.