Èsọ́ọ̀sì £450, ọ́ìlì bíréèkì £32: bí ọdún ṣe lọ fún èmi àti ọkọ̀ mi

Ọkọ̀ mi wà lórí jáàkì bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò bàjẹ́ o. Òtútù ló dé, wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì, mi ò sì fẹ́ kí iyọ̀ jẹ abẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe ti jẹ ẹ́ lọ. Mo tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi ẹfun kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sí i lára, mo tò wọ́n ti fírísà nínú gáréèjì. Ìyàwó mi ní tí òun bá fẹ́ mú ẹja báyìí, àfi kí òun kọ́kọ́ bẹ táyà.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí: Mazda MX-5 ti 2001 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì 1.8, oníjòkòó méjì tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Dartford là ń gbé, pápá eré ọkọ̀ Brands Hatch ò jìnnà sí wa. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sá British Grand Prix nígbà 12 láàárín 1964 sí 1986. Lóde òní, tí o bá ní láísẹ́ńsì, akoto, ọkọ̀ tí nǹkan kan ò jò lára rẹ̀ àti owó lápò, wọ́n á jẹ́ kí ìwọ náà wọlé sá tìrẹ. Track day ni wọ́n ń pè é. Ẹ má bi mí pé ìṣẹ́jú mélòó ni mo fi yí pápá ká, torí kì í ṣe ìdíje, wọn kì í sì í jẹ́ kí èèyàn ka àkókò. O ò tilẹ̀ gbọdọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni àfi tó bá yọ̀ǹda fún ọ. Ohun tí mo fi ń mọ̀ bóyá mo ń tẹ̀ síwájú ni ìwé àkọsílẹ̀ kan tí mo jí lára ti Táíwò, tí mò ń kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe sí ọkọ̀ yìí sí. Ìwé yẹn ló wà níwájú mi.

Ojú-ewé kìíní, oṣù Kejì: èsọ́ọ̀sì tuntun, £450. Mi ò lè purọ́, ó dán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan ọkọ̀ náà, ìyàwó mi yọrí lójú wíńdò, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé I-pass-my-neighbour lẹ gbé wá láti ilé ni?" Mo bínú nígbà yẹn. Àmọ́ òótọ́ ló sọ, ariwo ni mo fi owó yẹn rà. Lóṣù yẹn kan náà, ọ́ìlì bíréèkì tó wà nínú ọkọ̀ ti lo ọdún mẹ́ta, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé màá pààrọ̀ rẹ̀ tó bá yá.

Ó yá ní oṣù Kẹrin, ní pápá Snetterton.

Norfolk ni Snetterton wà. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ni nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi tẹ́jú bí àwo. Ọ̀nà gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bentley Straight. Lórí rẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré bíi tèmi ti máa ń ráyè na ẹsẹ̀ gan-an, tó o bá sì dé ìparí rẹ̀, bíréèkì gidi lo máa tẹ̀ kó o tó ya sósì wọ kọ́nà Brundle. Ìgbà kẹfà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ lọ. Ó rọ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ àmàlà gbígbóná. Mo tún un tẹ̀, kò sí nǹkan. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó di nǹkan mú díẹ̀, mo ti wà nínú koríko nígbà yẹn. Mi ò kọlu nǹkan kan. Mo kàn jókòó síbẹ̀, òórùn bíréèkì tó jóná gba inú ọkọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí síárìn.

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mu látinú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, kódà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ láìrìn. Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 4, tó bá ṣì jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 230°C. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìlànà gbà kó máa hó láti 155. Tó bá sì ti hó, oru tó dà bí atẹ́gùn gba inú páìpù nìyẹn. Ọ́ìlì ò ṣeé fún pọ̀, atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀, torí náà gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ á kàn máa fún atẹ́gùn pọ̀ ni, páàdì ò ní gbọ́ nǹkan kan. Lójú títì, o lè fi irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún márùn-ún kó o má mọ̀. Pápá ò ní bá ọ bò ó.

Àbúrò bàbá mi ní ìsọ̀ mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Bàbá Mọ́kọ́lá là ń pè wọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń lo ọlidé, iṣẹ́ tí wọ́n sì máa ń fún mi ni pé kí n jókòó sínú ọkọ̀ oníbàárà kí n máa tẹ bíréèkì. "Pọ́ǹpù ú! Pọ́ǹpù ú! Ó tó, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Má gbẹ́sẹ̀ o!" Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ ọkọ̀ nígbà yẹn, mo kàn mọ̀ pé tí mo bá gbẹ́sẹ̀, màá gba ìfọ́tí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé Snetterton, ó kan Ìyá Ìbejì láti jókòó síbẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì ti wà lọ́rùn rẹ̀, ó ku wákàtí kan kó lọ síṣẹ́ alẹ́. Kẹ́hìndé di tọ́ọ̀ṣì mú. Èmi na gbalaja nídìí táyà ẹ̀yìn lápá òsì, torí ibi tó bá jìnnà jù sí másítà, ìyẹn ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì, la fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀tún sì ni síárìn ọkọ̀ ìlú yìí. Mo ki rọ́bà tín-ín-rín kan bọ ẹnu nípù, ìyẹn ojú kékeré tí ọ́ìlì ń gbà jáde, mo ki ẹnu kejì sínú ìgò.

"Tẹ̀ ẹ́."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Má gbẹ́sẹ̀ o." Mo tú nípù díẹ̀. Ohun tó jáde dúdú bí àgbo àná, ó ń ru bí omi ọṣẹ. Mo fún un padà. "Ó yá, gbẹ́sẹ̀."

Nígbà tó ṣe, ó gbẹ́sẹ̀ kí n tó fún un, atẹ́gùn tún wọlé, mo pariwo, ọ̀rọ̀ Bàbá Mọ́kọ́lá gan-an ló jáde lẹ́nu mi. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ rántí pé àwọn aláìsàn ń retí mi?" Mo bẹ̀ ẹ́, a tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tá a fi máa dé nípù kẹrin, ọ́ìlì ti ń jáde ní àwọ̀ oyin, kò sí ìhó kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ó tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan sí i láìjẹ́ pé mo ní kó tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ó ti le báyìí," ó bọ́ sílẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àgolò méjì ọ́ìlì tí kì í hó àfi tí ooru bá lé ní 300°C, £32.

Oṣù Kẹfà, Brands Hatch. Ẹni tó bá ti wọ Paddock Hill rí á mọ̀ ọ́n: kọ́nà ọ̀tún tí ilẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ rẹ lójijì, bí ẹni ń já bọ́ sínú kòtò, kó o tó tún pọ́nkè lọ sí Druids. Gbogbo àárọ̀ ni iwájú ọkọ̀ ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ níbẹ̀, mo sì ti ń ṣépè fún ẹni tó ta táyà fún mi. Àgbàlagbà òyìnbó kan tó gbé MX-5 tó dàgbà ju tèmi wá ló mú géèjì wá sídìí ọkọ̀ mi. Ó bi mí pé mélòó ni mo fẹ́ táyà sí kí n tó wọlé. Mo ní 32 psi. Ó wọ̀n ọ́n gbígbóná: 39. Ó kàn wò mí ni. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí pàápàá, 26 ni wọ́n ní ká fẹ́ ẹ sí, fún ojú títì. Ta ló kọ́ mi ní 32? Àwọn fọganáísà ilé ni, tí wọ́n gbà pé kí táyà ṣáà le. A dín in kù sí 30 ní gbígbóná, ọkọ̀ mìíràn ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí táyà tutù nírọ̀lẹ́, mo bá 23 níbẹ̀, mo ní láti tún un fẹ́ kí n tó gba títì lọ sílé.

Bóòtù mẹ́jọ ló gba oṣù Keje mi. Lábẹ́ MX-5, bóòtù méjì-méjì ló di apá ìsàlẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan mú, àwọn la sì máa ń yí tá a bá fẹ́ kí táyà dà sínú díẹ̀. Kí táyà dà sínú ṣe pàtàkì, torí tí ọkọ̀ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú kọ́nà, etí òde táyà nìkan ló ń ru gbogbo ẹrù tí kò bá dà. Tèmi ti ń jẹ etí òde. Mo gbé e lọ fún alááláímẹ́ǹtì, ó ràbàbà nídìí rẹ̀, ó jáde, ó ní bóòtù ò yí, kí n lọ tú u wá. Iyọ̀ ogún ọdún ti lẹ irin mọ́ irin. Mo da ọ́ìlì sí i, mo fi iná sí i, mo gbàdúrà sí i. Mẹ́ta yí. Márùn-ún tó kù, ayùn ni mo fi gé wọn, ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin, ìpẹtà ń já bọ́ sí mi lójú. Nígbà tí wọ́n wá wọ̀n ọ́n, iwájú òsì dà sínú ní digírì 0.3, ọ̀tún 1.1, ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ náà, kọ́nà òsì àti kọ́nà ọ̀tún ò rí bákan náà fún un rárá, mo sì rò pé èmi ni mi ò mọ ọkọ̀ wà. Digírì 2 ni iwájú méjèèjì báyìí, ẹ̀yìn 1.8.

Pápá Bedford ní oṣù Kẹjọ: ó tẹ́jú, ó fẹ̀, oòrùn ràn, mo lọ mo bọ̀.

Oṣù Kẹwàá, Brands Hatch lẹ́ẹ̀kan sí i, òjò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo yí po lẹ́ẹ̀kan ní Druids. Porsche kan sì yọ̀ǹda kí n kọjá, ó tan iná ẹ̀gbẹ́ fún mi. Mo mọ̀ pé òjò ló fà á. Mo ṣì kọ ọ́ sínú ìwé, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Owó ńkọ́? Ẹnubodè pápá lẹ́ẹ̀mẹrin, £620. Èsọ́ọ̀sì, £450. Páàdì àti ọ́ìlì bíréèkì, £150. Táyà, £320. Bóòtù, bọ́sìn àti aláímẹ́ǹtì, £390. £1,930 nìyẹn, epo ò sí níbẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n kọ ọ́ síbí kí ayé bá òun rí i. Tí èsọ́ọ̀sì yẹn bá rí ẹni rà á, màá fi owó rẹ̀ ra rẹdiétọ̀, torí ike orí èyí tó wà níbẹ̀ ti ń pọ́n bí tíì, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ó ti fẹ́ là.

Bàbá Mọ́kọ́lá pè lórí WhatsApp lọ́jọ́ Kérésìmesì. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ wọn ló wà ní ìsọ̀ báyìí. Mo gbé fóònù yí ọkọ̀ náà ká fún wọn.

"Tó o bá sá a, ṣé wọ́n máa ń sanwó fún ẹ?"

"Rárá sà. Èmi ni mo máa ń san."

Wọ́n dákẹ́. "Ìwọ lo máa ń san."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ó dáa. Gbé fóònù yẹn padà sídìí táyà ẹ̀yìn. Tan iná sí i. Rọ́bà bíréèkì yẹn, tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ."

Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà náà lanu ní ibi mẹ́ta, fínnífínní, bí àtẹ́lẹsẹ̀ tó sán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì inú rẹ̀ lọ́dún yìí, ọwọ́ mi ti kàn án bí ìgbà ogún.

"Ó ti là, àbí?"

"Ó ti là sà."

Mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́ sí ojú-ewé oṣù Kìíní: rọ́bà bíréèkì, mẹ́rin.