Ìyá Tí Orí Rẹ̀ Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Ankara, ọjọ́ Sátidé

Ère obìnrin Çatalhöyük tí mo wá wò kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Téèyàn bá rí i nínú ìwé, á ní ó tó èèyàn. Kò ga tó ìgbọ̀nwọ́. Obìnrin sísanra kan jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orí ẹranko méjì tó jọ àmọ̀tẹ́kùn. Amọ̀ tí wọ́n sun ni. Awalẹ̀pìtàn James Mellaart ló hú u jáde nínú àká ọkà ní Çatalhöyük, ibùdó àtijọ́ kan nítòsí ìlú Konya ní Tọ́kì, lọ́dún 1961, ó sì ti lò tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Wọn ò bá orí lọ́rùn rẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn ayé òde òní ló mọ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ orí yìí ò kúrò lọ́kàn mi. Mellaart ní òrìṣà ni obìnrin náà. Ian Hodder tó wá wa ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ìyá àgbà tó níyì láàárín ìlú ni irú ère bẹ́ẹ̀ dúró fún. Kí àwọn awalẹ̀pìtàn tó parí àríyànjiyàn, àwọn ayàwòrán Tọ́kì ti mú tiwọn.

Gbogbo wọn kọ́ ló mú un re. Ní ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀ odi àtijọ́, mo rí i lórí aṣọ àwòrán: ikùn, ọmú, ọ̀dà aláwọ̀ góòlù. Ọmọkùnrin tó ń tà á pè mí ní abla, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbí, ó ní Kybele ni. Kybele, òrìṣà tí àwọn ará Frígíà ayé àtijọ́ ń bọ! Ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó ló wà láàárín òun àti ère yẹn? Mi ò bá a jiyàn, ọjà ló ń tà.

Nínú àwọn ayàwòrán Tọ́kì, Bedri Rahmi Eyüboğlu (1911–1975) ni mo gba tiẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ayàwòrán André Lhote ní Paris, síbẹ̀ ara kilim, ẹní onírun àgùntàn tí àwọn obìnrin abúlé ń hun, ló ti ń ṣa ọnà. Ọ̀kan wà lára ọnà kilim tí wọ́n ń pè ní elibelinde, obìnrin tó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Mellaart ní ọnà kilim ti wà lára ògiri Çatalhöyük láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò gbà á gbọ́, nígbà tó sì di 2018, onímọ̀ kan, Eberhard Zangger, kéde pé Mellaart fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ya lára àwọn àwòrán ògiri tó ní òun rí. Ẹ gbà mí! Awalẹ̀pìtàn náà ti di ayàwòrán.

Eren, ìyàwó Bedri, ọmọ Ròmáníà ni; ọ̀dọ̀ Lhote ni wọ́n ti pàdé. Àwọn ìyá abúlé Anatolia, ní ilẹ̀ Tọ́kì, ló yà, ìborùn lórí, ọmọ lápá. Kò sí àmọ̀tẹ́kùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara wọn wúwo, wọ́n fìdí kalẹ̀ bí ẹni tí kò sẹ́ni tó lè lé e dìde, mo sì rí ìyá inú àká yẹn nínú wọn ju bí mo ṣe rí i nínú gbogbo góòlù ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ. Bí mo bá rówó lọ́jọ́ kan, ti Eren ni mo máa rà.