Iṣẹ́ tí bàbá mi ní kí n má ṣe

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, apẹja sì ni bàbá mi. Ohun tó tẹnu mọ́ jù fún àwa ọmọ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fi ẹja pípa jẹun. Ó ní òun ti rì sómi tó fún gbogbo ìdílé. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ sétí ọ̀sà láàárọ̀ pé kí n bá a tú ẹja kúrò nínú àwọ̀n, á lé mi padà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi má baà máa gbóòórùn ẹja lára mi ní kíláàsì. Ìlàkàkà rẹ̀ yọrí sí rere: mo kàwé, mo rí físà, mo dé Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí odò Maumee ti ń wọ adágún Erie. Lọ́dún kẹta tí mo débẹ̀, mo fi owó ara mi ra ìwé àṣẹ ìpẹja, mo ra ṣòkòtò rọ́bà tó gùn dé àyà, mo sì lọ dúró nínú omi tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ kúrò lójú rẹ̀. Títí di òní, ìyá mi kò mọ iye tí mo ra ṣòkòtò yẹn.

Walleye ni ẹja tí gbogbo ariwo yìí dá lé lórí. Kò lórúkọ ní Yorùbá, èmi náà kò sì ní sọ ọ́ lórúkọ. Ó gùn gbọọrọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí idẹ tó ti pẹ́ nílẹ̀, eyín rẹ̀ mú. Bí ẹ bá tan iná sí i lóru, ojú rẹ̀ á máa kọ mànà bí ojú ológbò, ojú yẹn ló sì fi ń ṣọdẹ nínú omi tó dàrú nígbà tí ẹja kéékèèké kò ríran mọ́. Ìlú kan wà létí adágún náà tó ń jẹ́ Port Clinton. Lóru ọdún tuntun, wọ́n máa ń fi okùn sọ ère walleye ńlá kan kalẹ̀ láti òkè níbẹ̀. Àwa ń ṣe àìsùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ń wo ẹja tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀run.

Ní Ẹ̀pẹ́, òjò ló ń pín ọdún fún apẹja. Bí omi odò Ọ̀ṣun bá kún wọ inú ọ̀sà, omi á pọ́n, bàbá mi á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á gbóòórùn rẹ̀, á sì mọ ibi tí òun máa dẹ àwọ̀n sí ní ìrọ̀lẹ́. Ní Toledo, òtútù omi ni olórí ọ̀rọ̀. Bí yìnyín bá ti yọ́ lóṣù kẹta, tí omi sì ń sún mọ́ ìwọ̀n 6 sí 10 lórí Celsius, walleye á kúrò nínú adágún, á gòkè odò lọ yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́. Akọ ló ń kọ́kọ́ dé, òun náà ló ń kẹ́yìn lọ. Abo á dé, á yé ẹyin tirẹ̀, á sì padà sínú adágún láìbá ẹnikẹ́ni ṣeré. Inú fóònù ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń wo bí odò ṣe ga tó àti bí ó ṣe tutù tó. Èmi náà ń wò ó, ṣùgbọ́n bí mo bá débẹ̀, ọwọ́ mi ni mo máa ń kọ́kọ́ kì bọ omi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ẹ̀gbẹ́ Bluegrass Island, erékùṣù kan nínú odò Maumee, á kún bí ilé epo nígbà tí epo bẹntiróòlù bá wọ́n. Wọ́n á tò sínú omi ní èjìká sí èjìká, gbogbo wọn á máa ju ìwọ̀ bí ẹni ń jó ijó kan náà, torí ẹni tó bá jù ú lọ́tọ̀ á lọ́ okùn gbogbo àdúgbò pọ̀. Òjé kan wà lára okùn náà. Okùn kékeré ló tẹ̀ lé òjé, ìwọ̀ kan ṣoṣo sì wà ní ìparí rẹ̀. Wọ́n fi nǹkan fúyẹ́ ṣe orí ìwọ̀ náà kó lè léfòó díẹ̀, wọ́n sì fi ìrù rọ́bà sí i. Ẹ ó jù ú sí ọ̀kánkán, ẹ ó jẹ́ kí omi gbé e lọ. Òjé á máa kan òkúta nísàlẹ̀: tọ́, tọ́, tọ́. Bó bá wúwo jù, á há sáàárín òkúta. Bó bá fúyẹ́ jù, ìwọ̀ á gba orí ẹja kọjá. Walleye kì í já ìdẹ gbà bí olè. Ńṣe ni tọ́, tọ́ yẹn á kàn dákẹ́, ibẹ̀ lẹ ó ti fà á. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin kí n tó mọ ìdákẹ́ ẹja yàtọ̀ sí ìdákẹ́ òkúta. Òjé mọ́kànlá ló bá odò lọ lọ́jọ́ kẹta nìkan.

Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló kọ́ mi. Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ, ẹnu mi kò gbà á. Ó ní kí n má pe òun ní sà. Mo wá ń pè é ní Bàbá, ó sì rò pé Bob ni mo ń gbìyànjú láti sọ. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe Bob, ṣùgbọ́n ó ń dáhùn.

Àwọn tó ní ọkọ̀ kì í bá wa dúró nínú odò. Wọ́n á lọ sórí àwọn àpáta abẹ́ omi ní ìwọ̀-oòrùn adágún náà, bíi Niagara Reef àti Crib Reef, torí walleye púpọ̀ ń yé ẹyin síbẹ̀ láìgòkè odò rárá. Wọ́n á sọ irin pẹlẹbẹ kan tó ní ìwọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á máa gbé e sókè, wọ́n á tún jẹ́ kó bọ́. Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Apá ibẹ̀ kò jìn, bíi mítà 7 ni ní ìpíndọ́gba, ìdí nìyẹn tí ìjì díẹ̀ fi ń sọ ọ́ di òkè àti àfonífojì. Mi ò tíì padà lọ.

Ní tiwa, kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ni àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ti ń bi bàbá mi léèrè iye tó máa ta ọ̀bọ̀kún rẹ̀. Ní Ohio, ẹ kò gbọdọ̀ ta ẹja tí ẹ fi ìwọ̀ pa. Ní 1970, wọ́n rí mẹ́kúrì nínú walleye adágún yìí, wọ́n sì dá àwọn tó ń fi àwọ̀n pa á fún ọjà dúró. Àwọn ti Kánádà padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó yá, àwọn ti Ohio kò padà. Mẹ́fà ni ẹnì kan lè mú lóòjọ́, kò sì gbọdọ̀ kúrú ju íńṣì 15 lọ. Èyí tí ìwọ̀ bá kọ́ níbòmíràn yàtọ̀ sí inú ẹnu, ẹ ó dá a padà sómi.

Ohun tó dùn mí jù ni orí ẹja. Wọ́n á fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á da orí àti egungun sínú garawa ìdọ̀tí. Orí! Mo bẹ Bob kó máa kó tirẹ̀ fún mi. Ó rò pé ológbò ni mo ní nílé. Nígbà tí mo gbé ìṣasùn ọbẹ̀ ata kan wá fún un, ó jẹ ẹ́, ó làágùn, ó sì ń kó orí fún mi láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ tí mo ṣèèṣì sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mo dá ẹja ńlá kan padà torí pé lára lẹ́bẹ̀ rẹ̀ ni ìwọ̀ ti kọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́nu, ó dákẹ́.

"Ta ló rí ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rí mi, Màámi."

"O wá dá a padà?"

Mo gbọ́ tí ó ń sọ ọ́ fún bàbá mi lẹ́yìn. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Bàbá mi gba fóònù.

"Omi yẹn, ṣé ó mọ́ àbí ó dàrú?"

"Ó dàrú, sà. Ó kún pẹ̀lú."

"Ibo lo wá ń ju ìwọ̀ sí?"

"Àárín gbùngbùn, sà, ibi tí gbogbo èèyàn ń jù ú sí."

"Nínú omi kíkún? Ẹja wà létí, ibi tí omi kò ti le. Ẹ dúró lé wọn lórí ni."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jáde kúrò láàárín wọn, mo dúró létí koríko, mo ju ìwọ̀ síbi tí omi kò ju orúnkún lọ. Mo ti mú mẹ́rin kí Bob tó yíjú wo ẹ̀yìn.