Èmi, Sílíńdà Gáàsì àti Bàbá Alápò

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Orúnkún mi ṣì ń ro mí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ti mọ àìsàn mi. Bí mo bá jókòó sílé, ewì kì í jáde. Mo lè tẹjú mọ́ bébà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwòrán ewúrẹ́ ni màá máa yà sí etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí táyà yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì pé "ó dàbọ̀ o, ẹ bá mi kí wọn nílé", ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí omi. Ara á sì tù mí. Gbèsè, owó ilé, owó iléèwé, gbogbo wọn á kù sílé, wọn ò ní rí ọkọ̀ wọ̀ tẹ̀ lé mi.

Owó àtimáa rìnrìn àjò ni kò sí. Ọkọ̀ ojú irin Èkó tó ti ń kó èrò ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn wa níbí, láti 2021 dára púpọ̀ fún ìwé kíkọ, àmọ́ kí n tó ti ilé mi dé Mọ́níyà, ìrìn àjò ti sú mi. Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Ẹ rọra bú mi o. Mo máa ń lọ sí gáréèjì ní Ìwó Road, màá wọ bọ́ọ̀sì Èkó tí kò tíì kún, màá jókòó, màá máa wo àwọn tó ń fi ilé sílẹ̀, màá máa kọ. Bó bá ku ẹnì kan kí ọkọ̀ kún, màá sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Ìrìn àjò ọ̀fẹ́! Mo ti ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, mo sì ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n.

Sátidé tó kọjá, Ìyá Ìbejì ní kí n lọ rọ gáàsì. Ẹ̀wà ò tíì rọ̀, iná ti kú. Mo gbé sílíńdà, oníkílò 12.5, mo jáde. Ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì wà lọ́wọ́ òsì, gáréèjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ mi ló yà, èmi kọ́.

"Bẹ́gà, Ọ̀jọ́ta, Oṣòdì! Ó ku mẹ́ta péré!"

Mo wọlé, mo gbé sílíńdà lé itan. Bàbá kan jókòó létí fèrèsé, ó gbá báàgì Ghana-Must-Go mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ẹ mọ báàgì yẹn, èyí tó gba orúkọ nígbà tí ìjọba wa lé àwọn ará Gánà lọ ní 1983. Ẹrù ìyapa ni, láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bàbá ń wo ìta, kò sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Arábìnrin kan tó wà níwájú rẹ̀ ń fi ìborùn nu ojú. Ọkàn mi bàjẹ́. Inú mi sì dùn pé ọkàn mi bàjẹ́. Akéwì ẹlẹgbẹ́ mi á mọ ohun tí mò ń wí. Mo fa bírò yọ:

*Bàbá alápò, ta lẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà?*
*Ta ló bá yín dẹrù, tí kò lè wojú yín?*

Omi bọ́ lójú mi. Orí sílíńdà ló bọ́ sí.

Ibi tí mo ti ń wá ìlà kẹta, èrò rọ́ wọlé. Bàbá dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Arábìnrin tó ń nu ojú náà sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin méjì tẹ̀ lé wọn. Kọ̀ndọ́ ń fún wọn lówó níkọ̀ọ̀kan. Àṣé wọ́n háyà wọn láti jókòó kí ọkọ̀ lè dà bí èyí tó ti kún ni! Bàbá ka tirẹ̀, ó bọ́ sínú bọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó jókòó sétí fèrèsé, ó gbá àpò mọ́ra, ó tún gbé ojú tó rẹ̀ yẹn wọ̀. Síìpù àpò náà ti là díẹ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n rún kún inú rẹ̀.

Èmi tí mo sunkún fún ìwé ìròyìn, mo la ẹnu sílẹ̀. Kí n tó pa á dé, ọkọ̀ ti gbéra.

"Bùrọ̀dá, owó yín dà?"

"Mi ò lọ ibì kankan."

"Háà! Ẹ wà lára àwọn tí a háyà? Kí ló dé tí ẹ ò bá wọn sọ̀?"

"Wọn ò háyà mi. Mo kàn jókòó ni."

Gbogbo ọkọ̀ yíjú sí mi. Ìyá kan ní, "Ó kàn jókòó. Tòun ti sílíńdà." Ẹlòmíràn ní, "Ṣé kò sí gáàsì nínú rẹ̀ o?" Kí n fi hàn pé òfìfo ni, mo gbé e sókè, mo gbọ̀n ọ́n. Ẹ ò bá gbọ́ igbe! Oníwàásù tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í de gbogbo ohun tó bá fẹ́ bú gbàmù láàrin wa.

Wọ́n ní àwọn á já mi sílẹ̀ ní Toll Gate. Ibẹ̀ gan-an ni wèrè mi ti hàn síta, nítorí táyà ti yí, ìlà kẹta ti ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Mo fi owó gáàsì san owó ọkọ̀.

Láti 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ yẹn, bóyá ni ẹnì kan ti fi itan gbé sílíńdà òfìfo rin kìlómítà rẹ̀ tó lé ní 120 nítorí ewì. Ní Ògèrè, ọmọ tó ń ta ìpékeré bi mí pé ṣé mo fẹ́ tà á ni. Ní Ṣágámù, fóònù dún.

"Bàbá Ìbejì, níbo lẹ wà?"

"Ṣágámù."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé gáàsì ti tán n'Íbàdàn ni?"

Ìlà mélòó ni mo wá kọ? Kò sí! Orí itan ni mo ti máa ń kọ̀wé nínú ọkọ̀, sílíńdà ló sì jókòó síbẹ̀. Bí mo ṣe dé Bẹ́gà ni mo wọ ọkọ̀ padà. Nígbà tí mo fi wọlé, wọ́n ti fi èédú se ẹ̀wà, wọ́n ti jẹ ẹ́, wọ́n ti fọ ìkòkò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n tún rán mi. Àwọn ìbejì tẹ̀ lé mi lọ́tùn-ún lósì bí ọlọ́pàá. Ẹnì kan pè mí láti inú bọ́ọ̀sì Òṣogbo: Bàbá alápò!

"Ẹ wá, ẹ wá, oní-sílíńdà! Àpò lásán lèmi ń gbé. Ta ni yóò rí ẹni tó gbé sílíńdà dání tí kò ní gbà pé ó ń kó lọ pátápátá? Ẹ wá bá wa ṣe é."

Àwọn ìbejì ń wò mí. Mo sọ sílíńdà kalẹ̀, mo bi Bàbá pé èló ni wọ́n ń san.