Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára ìwé eré tí mo rà ní oṣù méjì kí tuntun tó dé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí a ń fi ìwé òfin àti dáìsì pa ìtàn, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti ń ta ìwé rẹ̀, tí ẹ sì ní láti dá àjọ kí ẹ tó lè rà á, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni àjọ kàn mí. Owó oṣù mẹ́fà ni, mo sì ti pinnu tipẹ́ pé ìwé mẹ́ta náà ni n óò fi rà: ti àwọn tó ń ṣeré, ti olùdarí eré, àti èyí tí wọ́n kọ àwọn ẹranko abàmì sí. Ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù ní Èkó gba 140,000 náírà lọ́wọ́ mi, ó sì fi wọ́n rán dírẹ́bà wá sí Gárééjì Ọ̀fà níbí ní Ìlọrin. Ó ní òun dín owó kù nítorí pé mo jẹ́ oníbàárà tuntun. Kò sọ fún mi pé ìwé tuntun máa jáde ní oṣù Kẹsàn-án.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n tó ń darí eré wa ní Táńkè. Àlùfáà tó ń wo ọgbẹ́ sàn ni mò ń ṣe. Àbúrò wa obìnrin kan, tó ń ṣe jagunjagun, ṣubú lójú ìjà, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè gbé e dìde àfi èmi. Mo ṣí ìwé mi, mo fi ìka lé ibi tí wọ́n kọ Cure Wounds, ọfọ̀ tó ń wo ọgbẹ́ sàn, sí: dáìsì olójú mẹ́jọ kan. Mo jù ú, eéjì ló jáde.

Àbúrò náà ní, “Bọ̀ọ̀dá, dáìsì méjì ni.” Mo ní ẹyọ kan ni, mo tún ka ìlà náà sókè. Ó gbé ìwé tuntun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ síwájú mi: dáìsì méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n tó ń darí eré wo ìwé mi, ó rọra pa á dé, ó ní, “Àbúrò, òfin tuntun la ti ń lò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣé wọn ò sọ fún ẹ ni?” Mo lọ síbi òkú ní Ọ̀fà lọ́sẹ̀ náà ni. Kò sí ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé ọwọ́ tó fi pa ìwé náà dé. Oṣù mẹ́fà ni mo fi wọ bàtà kan ṣoṣo lọ síbi iṣẹ́ nítorí ìwé yẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ lápò, ẹ bi àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré léèrè ìwé tí wọ́n ń lò, àti èyí tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Ìwé tí ẹ̀yin nìkan ń kà kò lè bá yín ṣeré.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1974 ni eré náà kọ́kọ́ jáde. Àwọn tó ra ẹ̀dà kẹta ní 2000 kò tíì lò ó ju ọdún mẹ́ta lọ tí àtúnṣe rẹ̀ fi dé ní 2003. Nígbà tí ẹ̀dà kẹrin dé ní 2008, ọ̀pọ̀ kọ̀ ọ́, wọ́n sì lọ ra Pathfinder, eré mìíràn tó jọ ọ́, ní 2009 nítorí pé orí òfin àtijọ́ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n gbé e kà. Bí ìròyìn ẹ̀dà tuntun bá ti ń tàn kálẹ̀, àwọn kan á dáwọ́ ìwé rírà dúró, àwọn tó ní ti àtijọ́ á sì máa wá ẹni tí wọ́n máa tà á fún. Mo rí owó pọ́ọ́kú, mi ò béèrè ìdí tó fi pọ́ọ́kú. Ẹnìkan lè sọ pé láti oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n ti kéde pé àtúnṣe ń bọ̀, pé ó yẹ kí n ti mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra dátà ojúmọ́ kan kì í fi í wá ìròyìn eré kiri. Ìbéèrè kan ṣoṣo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n ni ì bá gbà mí, kò sì ní ná mi ní nǹkan kan.

Mo ti ń bá wọn ṣeré padà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n gbé ìpìlẹ̀ òfin tuntun náà jáde lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì tẹ ojú ìwé tó kan àlùfáà mi nìkan ní Táńkè. Cure Wounds wà nínú rẹ̀, dáìsì méjì. Ìtàn àtijọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ kò bàjẹ́, nítorí wọ́n ṣe òfin tuntun kí ó lè bá àwọn ìtàn ẹ̀dà kárùn-ún, èyí tí ìwé mi jẹ́ tirẹ̀, lọ. Ìwé mẹ́ta náà wà nínú láílọ́ọ̀nù lórí àpótí aṣọ mi.